Paris tí Ìyá Sìrájù Kò Dé

Ní gbogbo Treichville ní ìlú Abidjan, kò sí ẹni tó mọ Paris tó èmi àti Ìyá Sìrájù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí nínú àwa méjèèjì. Bí ẹ bá sọ̀ mí kalẹ̀ níbẹ̀ lónìí, kí ẹ fi aṣọ dì mí lójú, màá rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí Sìrájù ọmọ rẹ̀ sùn sí láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ìwé àwòrán ìlú ni mo ti kọ́ ọ, bí mo ṣe fúnra mi kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀. N kò jókòó ní kíláàsì rí. Ara páálí ṣúgà àti ara ìgò oògùn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, títí mo fi di ẹni tí àwọn tíṣà pàápàá ń gbé lẹ́tà wá bá nídìí igi máńgòrò tí tábìlì mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àrìmíyàù ni orúkọ mi, ọmọ Ọ̀yọ́. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Mùkàrámà ni, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Sìrájù. Ọdún mẹ́rin nìyí tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́rùn mi, èmi tí mo ń kọ ti gbogbo ènìyàn, n kò sì tíì lè kọ ọ́.

Ọdún 1947 ni Mùkàrámà dé Abidjan. Orí àpò iyọ̀ nínú ọkọ̀ ẹrù ló jókòó sí, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Abọ́ tánganran ló ń tà: abọ́ ọbẹ̀, ife, ìkòkò, àti bàsíà ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Bí o bá kó ogún abọ́ síwájú rẹ̀, yóò fi èékánná ta wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ́tí, yóò sì yọ èyí tó ti sán nínú tí ojú kò tíì rí sísán rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ irinwó abọ́ wò bẹ́ẹ̀ láìṣì ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn tó ti kú.

Ní ọdún kẹrin, àbúrò rẹ̀ Jẹ̀mílà wá bá a. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ojú wọn jọra débi pé oníbàárà á máa bá ọ̀kan parí ọjà tó ti bá èkejì ná. Jẹ̀mílà fẹ́ Ṣéhù, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Kumasi. Ní 1953 ó bí ọkùnrin. Ọjọ́ kẹjọ tó yẹ ká sọ ọmọ lórúkọ, ọjọ́ náà la sin ìyá rẹ̀. Ṣéhù gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Kumasi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Mùkàrámà kò bímọ rí. Ó gba ọmọ náà, ó pọ̀n ọ́n, ó sọ ọ́ ní Sìrájù, ó sì di Ìyá Sìrájù láti ọjọ́ náà. Gbogbo àwa tí a wà nínú ilé náà pa ẹnu pọ̀ pé ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. A kì í sọ fún ọmọ pé ẹni tó pọ̀n ọ́n kọ́ ló bí i, nítorí ìgbà tó bá gbọ́ ni ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì.

A kì í sábà dárúkọ Jẹ̀mílà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ náà bá bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ Mùkàrámà, ilẹ̀ ni yóò gbé e sí. Yóò la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, yóò ní, "Ọlọ́run fi Alujánnà kẹ́ ẹ," yóò sì fi ọwọ́ náà pa ojú. Mo ti rí i tó gbé bàsíà tó kún fún ife kalẹ̀ láàárín títì, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àdúrà yẹn.

Nígbà tí Sìrájù di ọmọ ọdún méje, ilé ìwé ní àwọn fẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí. Èmi ni mo lọ ṣe ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́. Wọ́n gbé Kùránì fún mi, wọ́n ní ta ni ìyá ọmọ. Mo lè ṣe àsọdùn díẹ̀ nídìí igi máńgòrò, ṣùgbọ́n n kì í fi Kùránì búra èké. Mo ní Jẹ̀mílà. Wọ́n kọ Jẹ̀mílà. Wọn kò bi mí bóyá ó wà láàyè, n kò sì sọ. Mo ká ìwé náà, mo fún Mùkàrámà. Kò mọ̀wé kà, kò sì bi mí ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́, ọmọ náà mọ̀wé! Ní 1973 ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Paris, iṣẹ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù ló lọ kọ́. Oṣooṣù ni lẹ́tà rẹ̀ ń dé. Èmi ni mò ń kà á fún ìyá rẹ̀, àwọn ènìyàn á sì yí wa ká, nítorí pé bí mo bá ń ka lẹ́tà, ó dà bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹfà 1975, lẹ́tà kan dé tí kì í ṣe ọwọ́ Sìrájù ló kọ ọ́. Gilbert ló kọ ọ́, ọmọ Dahomey tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Ó ní kíndìnrín Sìrájù méjèèjì ti ń kọṣẹ́, ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ìwòsàn. Ìwé dókítà wà nínú lẹ́tà náà, pé kí ìyá tàbí ẹbí aláìsàn wá bí ó bá ṣeé ṣe. Gilbert fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Màmá, ẹ̀yin ló ń pè. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ìyá Sìrájù ń fi páálí wé abọ́ fún oníbàárà kan ará Bouaké. Ó wé e tán. Ó so ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dé Paris?"

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì, màá tẹ́ àwòrán ìlú náà sórí tábìlì, yóò fi ife mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí atẹ́gùn má gbé e. Nítorí pé kò mọ̀wé, mo ronú ọgbọ́n kan tí ẹlòmíràn kò lè ronú rẹ̀. Láti ibi tí bọ́ọ̀sì yóò já a sí dé ilé ìwòsàn, ibùdó mọ́kànlá ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní métro máa dúró. Mo ka ẹ̀wà mọ́kànlá fún un.

"Bí ọkọ̀ bá dúró, mú ẹyọ kan kúrò lápò ọ̀tún, jù ú sí tòsì. Ibi tí ẹ̀wà bá ti tán, bọ́ sílẹ̀."

"Tí ẹ̀wà bá já bọ́ ńkọ́?"

"Kò gbọdọ̀ já bọ́."

Alice tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ gbọ́. Ọmọ Porto-Novo ni, ọmọ ìjọ tó ń kọrin jù ní Treichville, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọjá Bassam ẹ̀bá ibí yìí rí, ẹ̀yin lẹ ń júwe abẹ́ ilẹ̀ Paris!"

"Mo ti kọjá Bassam."

"Oorun lẹ sùn kọjá ibẹ̀."

Ìyá Sìrájù rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Alice yìí kan náà ló wá kóòtù fún un láàárín aṣọ àlòkù. Kóòtù dúdú ni, ó nípọn bíi tìmùtìmù. Ó ní kó máa wọ̀ ọ́ kó lè mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ń ta abọ́ nínú kóòtù nínú ooru Abidjan, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún, a kò sì lè mọ ìgbà tó ń sunkún lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan a wọ wôrô-wôrô, takisí alájọwọ̀, lọ sí Gonzagueville lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, ká lè wo ọkọ̀ òfuurufú bó ṣe ń gbéra, kí àyà rẹ̀ má baà já lọ́jọ́ náà. A dúró sórí iyanrìn. Ọ̀kan kọjá lókè orí wa, ó lọ sùà sójú òkun. Mo ní orí Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa gbà lọ, pé awakọ̀ rẹ̀ á tilẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ láti kí ìlú. Ó gbà mí gbọ́. Ó la ọwọ́, ó ní, "Ọlọ́run, má jẹ́ kí ọmọ mi sùn kí n tó dé."

Ìgbà tá a fẹ́ lọ gba fisa ni a ṣí ìwé ọjọ́ ìbí náà. Mo kà á fún un: ìyá, Jẹ̀mílà. Ó la ọwọ́, ó ṣàdúrà rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá yé e.

"Orúkọ mi kò sí níbẹ̀?"

"Kò sí. Ṣùgbọ́n ó ṣeé sọ. A ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ọ́."

Ó yí ojú sí mi bí ẹni pé mo gbá a létí. "Ọdún méjìlélógún, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé èmi kọ́ ni mo bí i. Ṣé ẹnu fèrèsé òyìnbó ni màá ti wá sọ ọ́? Wọ́n á kọ ọ́ síwèé. Ìwé náà á dé ilé ìwòsàn, wọ́n á kà á sí i létí lórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa pa á kí kíndìnrín tó pa á."

Ẹlòmíràn ìbá dákẹ́ níbẹ̀. Èmi, ọgbọ́n ni mo dá. Mo ní, "Ṣé káàdì ìdánimọ̀ Jẹ̀mílà ṣì wà?"

Ó wà. Inú gèlè olóògbé ló wé e sí, nísàlẹ̀ àpótí, pẹ̀lú fọ́tò lára rẹ̀. Ojú àbúrò ni, ojú ẹ̀gbọ́n ni. Ta ló máa mọ̀? Mo mú káàdì náà tọ ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gba pásípọ́ọ̀tù ní orúkọ Jẹ̀mílà, ohun tí àwọn mìíràn ń fi oṣù mẹ́fà wá. Mo gbé e wálé bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

Ó kù kó máa jẹ́ orúkọ náà. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo fi ohùn imú pè é bíi ti òyìnbó. "Jẹ̀mílà!"

Ó gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọlọ́run fi Alujánnà kẹ́ ẹ."

"Ìyá Sìrájù! Ìwọ ni mò ń pè o! *Présente* lo máa sọ, pé o wà níbí!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tún un pè."

"Jẹ̀mílà!"

Ọwọ́ rẹ̀ tún là. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́. Alice kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Àdúrà tí ẹ gbà fún òkú yìí lónìí ti tó. Ó yẹ kó dìde wá gba fisa náà fúnra rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà Mùkàrámà sunkún, Alice sì wá dì í mú. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń jẹ́ orúkọ náà. Yóò di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìdí báàgì rẹ̀ kí wọ́n má baà là, yóò gé ètè jẹ, yóò ní, "Présente."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ sí ọ́fíìsì fisa àwọn Faransé ní Plateau. Ẹ̀wà mọ́kànlá ti wà nínú báàgì rẹ̀, kóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó so táì ló wà lẹ́nu fèrèsé, ọmọ Odienné ni, Hamidou lorúkọ rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tó ń lu òǹtẹ̀. Hamidou pe, "Jẹ̀mílà!"

"Présente."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó rìn lọ bí ìyàwó. Hamidou bi í ní Jùlá, èdè tí gbogbo ọjà wa ń sọ, ó dáhùn: ibi tí ọmọ wà, iṣẹ́ tó ń kọ́, àìsàn tó ń ṣe é. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Òyìnbó ti na ọwọ́ sí òǹtẹ̀. Ó kù kí Hamidou ka ìwé ọjọ́ ìbí sókè, kó bá ìlànà mu. Ó kà á wúyẹ́wúyẹ́: "Sìrájù, a bí i ní Treichville, ọdún 1953. Ìyá: Jẹ̀mílà."

Èmi kò pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀ rí nígbà ìdánrawò. N kò pè é pẹ̀lú ti ọmọ, pẹ̀lú ọdún náà. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wà fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì níwájú fèrèsé, ó ní, "Ọlọ́run fi Alujánnà kẹ́ ẹ," ó sì fi pa ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Kálámù Hamidou dúró. Mùsùlùmí ni. Kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ọwọ́ yẹn fún un.

Ó tẹ̀ síwájú, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ta lẹ ṣàdúrà fún?"

"Àbúrò mi ni."

"Ta ló wá ń jẹ́ Jẹ̀mílà?"

"Òun ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mò ń ṣẹ́jú sí i títí ojú fi ń ro mí. Kò wò mí. "Mùkàrámà lorúkọ mi. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún un."

Hamidou kó gbogbo ìwé jọ, ó tì wọ́n padà lábẹ́ gíláàsì. "Ẹ kó wọn lọ kí Madame tó béèrè. Bí òun bá rí i, wọ́n á gba ìwé yìí, wọ́n á sì dá ojú yín mọ̀, ẹ kò ní lè padà wá. Ẹ gba pásípọ́ọ̀tù ní orúkọ ara yín, kí ẹ wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ìwé dókítà ní ẹbí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àbúrò bàbá ẹnìkan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ méjì ló fi gba tirẹ̀."

"Ọjọ́ méjì?"

"Ọjọ́ méjì, Màmá."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà láàárín bàtà àwọn ènìyàn. Mẹ́jọ ni mo rí.

Nínú bọ́ọ̀sì, lórí afárá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ orúkọ òkú."

Mo ní, "Ìwọ lo ní o kò lè sọ ọ́ lẹ́nu fèrèsé."

Òótọ́ ni àwa méjèèjì sọ.

A bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹni tí n kò dárúkọ rẹ̀ ti ṣí kúrò níṣẹ́. Mùkàrámà kò ní káàdì tó dára, a ní láti lọ wá ẹlẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀ dé Abobo. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lẹ́tà Gilbert dé: wọ́n ti so Sìrájù mọ́ ẹ̀rọ, ó ń bi í bóyá ìyá òun ti wọ ọkọ̀. Ìdajì lẹ́tà yẹn ni mo kà fún un. Mo sọ ìdajì yòókù di ìkíni. Mo ní ó ti ń jẹun. Kóòtù kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹsàn-án, pásípọ́ọ̀tù dé, Mùkàrámà gan-an ni orúkọ inú rẹ̀. Mo ń gbé e bọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí oníwèé téligíráàmù pàdé mi nídìí igi máńgòrò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti ibẹ̀ dé ìsọ̀ abọ́ kò ju ọgọ́ta ẹsẹ̀ lọ. Ìrìn tó gùn jù tí mo rìn láyé mi nìyẹn, èmi tí mo fi ẹsẹ̀ rin Ọ̀yọ́ dé Accra.

Ó rí mi. Ó rí ìwé méjì. Ó ní, "Ẹ ka ti ọwọ́ òsì."

Mo kà á.

Ó mú abọ́ kan, ó fi èékánná ta á lẹ́nu, ó tẹ́tí sí i bí ìgbà tó ń yẹ ọjà wò. Ó gbé e kalẹ̀. Ó mú òmíràn. Alice wá gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Paris ni wọ́n sin Sìrájù sí, lẹ́yìn ìlú, láàárín àwọn mùsùlùmí ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ẹnìkan bá Gilbert gbé àpótí Sìrájù wá. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ìwé ẹ̀rọ, gbogbo lẹ́tà tí mo bá ìyá rẹ̀ kọ sí i. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìwé méjì tí wọ́n fi píìnì so pọ̀. Ọ̀kan ni ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí, tí ojú ibi tí wọ́n ń ká a sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já nítorí kíká àti títú. Èkejì ni ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́jọ́ tó wọ ilé ìwòsàn.

"Ẹ kà á fún mi."

"Sìrájù. Ọdún 1953. Ìyá: Mùkàrámà, oníṣòwò abọ́, ọjà Treichville."

"Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó kà á nínú ìwé ọjọ́ ìbí."

"Láti ìgbà wo?"

"Bóyá láti ìgbà tó ti mọ̀wé kà."

"Ìyẹn ni pé bí mo bá ti sọ òótọ́ lẹ́nu fèrèsé lọ́jọ́ àkọ́kọ́..."

Ó ń wo ẹnu mi. Èmi Àrìmíyàù, tí n kò tíì pàdé ìbéèrè tó ju èsì mi lọ, mo tẹjú mọ́ tábìlì mi.

Ó ṣì ń ta abọ́. Àwòrán Paris wà lọ́wọ́ mi, ihò ti lu ú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí ife ń dúró sí. Alice ti gba kóòtù lọ kó má baà máa rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Jẹ̀mílà, Mùkàrámà ṣì ń gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń ṣàdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ Sìrájù, tí gbogbo wa la ọwọ́, tí a ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, òun kì í ṣe é. Lèmọ́mù ti bá a wí pé àdúrà ni òkú ń fẹ́. Mo fúnra mi bẹ̀ ẹ́ ní ọdún tó kọjá. Mo pe orúkọ náà létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ ní ti Jẹ̀mílà nígbà yẹn.

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára abọ́.